Kìlò Kan Náà, Hóró Tí Kò Dọ́gba: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Ìwọ̀n Irúgbìn Ọkà Bálì

Oko tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní àgbègbè Angus, ní ìhà ìlà-oòrùn Skọ́tílándì. Nǹkan bí 60 hẹ́kítà ni ìdílé tó ni ín fi ń gbin ọkà bálì lọ́dọọdún, irú èyí tí wọ́n ń gbìn nígbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Àgbẹ̀ tó ni oko náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń wa katakata tó ń fa ẹ̀rọ ìgbìn. Èmi ni wọ́n pè láti wá gbà wọ́n nímọ̀ràn lẹ́yìn tí ọdún méjì tẹ̀ léra wọn ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọkà yìí kì í ṣe ti oúnjẹ. Àwọn tó ń rà á máa ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù díẹ̀, wọ́n á sì fi ooru gbẹ ẹ́ kó tó di ohun tí wọ́n fi ń pọn wísìkí. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń mú àgbàdo hù kí wọ́n tó fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò mọ ìdí iṣẹ́ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni olùrà fi ń fẹ́ kí hóró ọkà náà tóbi dọ́gbadọ́gba, kí gbogbo rẹ̀ lè mumi kí ó sì hù pa pọ̀. Hóró tó bá lè gba inú asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 2.25 mìlímítà bọ́, wọ́n ti kà á sí pàǹtí. Bákan náà, èròjà náítírójìn inú ọkà tó ń lọ sí ilé wísìkí kò gbọdọ̀ ju ìdá 1.65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọkà tí wọ́n bá kọ̀, oúnjẹ màlúù ló ń dà, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ gan-an. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ó lè yé wa pé ìyọnu ìdílé yìí kì í ṣe ti iye tọ́ọ̀nù nìkan.

Láti ìgbà bàbá tó bí àgbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń da 200 kìlò irúgbìn sí hẹ́kítà kan. Ìwọ̀n yẹn ti bá wọn lò pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ọdún méjì náà, oṣù kẹta lọ́wọ́ọ́wọ́, ilẹ̀ gbẹ dáadáa, wọ́n gbìn lásìkò, ọkà sì hù kíkankíkan títí tí ilẹ̀ kò fi hàn láàárín àwọn ìlà rẹ̀. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kéje, òjò ńlá méjì rọ̀, ó sì tẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọkà náà sílẹ̀ bí ẹní. Èyí tó dúró pàápàá, hóró rẹ̀ kéré, olùrà sì dá ọkọ̀ bíi mélòó kan padà nítorí pàǹtí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí ìgbà ìrúwé tún dé, àgbẹ̀ náà ní òun kò ní gbìn ín ní kíkí mọ́, ó sì dín 200 kù sí 165 kìlò. Ọdún náà ò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n wọ oko títí di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin, ilẹ̀ tutù, ó sì rin. Ọkà hù lọ́kọ̀ọ̀kan, èpò sì gba àárín rẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé lóṣù kẹfà tí òjò sì tún tẹ̀ lé e, àwọn ìdí ọkà tó rí àyè bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ tuntun lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti yọ ṣírí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń pa ọmọ sídìí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ṣírí tó gbó àti ṣírí tútù wọ inú ẹ̀rọ pọ̀. Náítírójìn inú rẹ̀ ju ohun tí olùrà lè gbà lọ, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì lọ fún màlúù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí. Ohun tí àgbẹ̀ náà gbàgbọ́ ni pé ẹni tó ta irúgbìn fún òun ló ta èyí tó ti kú. Aládùúgbò rẹ̀ kan sì ti sọ fún un pé ẹ̀yà ọkà náà ni kò dára, kí ó yí i padà. Èmi náà kò kọ́kọ́ mú ọ̀nà tó tọ́. Ẹ̀rọ ìgbìn ni mo fura sí, mo sì lo ọ̀sẹ̀ méjì lé e lórí. A fi í sí 165, a gbé e ró, a yí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń rìn lóko, a gba irúgbìn tó dà jáde sínú àpò, a sì wọ̀n ọ́n: 161 ló já sí. Àléébù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kìlò mẹ́rin kò lè ba oko jẹ́ báyẹn. Mo yẹ bí irúgbìn ṣe jìn sí nínú ilẹ̀ wò; ẹ̀rí tó kù kò sọ pé ó jìn jù. Àwọn ìwé tó bá irúgbìn wá sì fi hàn pé nígbà tí wọ́n dán an wò nínú yàrá àyẹ̀wò, ìdá tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló hù lọ́dún méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìdá 85 ni òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí fún irúgbìn bálì tí wọ́n ń tà. Ẹni tó ta irúgbìn kò jẹ̀bi.

Ọmọbìnrin náà ló tan iná sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ìwà pé bí òun bá ti tú àpò irúgbìn àkọ́kọ́, òun á já ìwé ara rẹ̀, òun á sì kàn án mọ́ igi inú àká. Ìwé ọdún àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀yà ọkà, wọ́n kọ ìwúwo ẹgbẹ̀rún hóró síbẹ̀: gíráàmù 42. Ìwé ọdún kejì kò ní irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ lára, ṣùgbọ́n irúgbìn díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú àpò. A kó o dé orí tábìlì ìdáná wọn, a ka hóró ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́wàá, a sì gbé e ka òṣùwọ̀n tí ìyàwó àgbẹ̀ náà fi ń wọn ìyẹ̀fun. Gíráàmù 54 ni. Ẹ̀yà kan náà ni, orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n hóró ti ọdún kejì fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ wúwo ju ti àkọ́kọ́.

Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀ nídìí tábìlì náà. Mo mú bírò, a sì jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. 200 kìlò lórí hẹ́kítà kan túmọ̀ sí gíráàmù 20 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní òró àti mítà kan ní ìbú. Bí ẹgbẹ̀rún hóró bá wọn gíráàmù 42, gíráàmù 20 yẹn jẹ́ nǹkan bí hóró 476. Lọ́dún kejì, 165 kìlò já sí gíráàmù 16.5, tí hóró tó wọn 54 fún ẹgbẹ̀rún kò sì lè ju nǹkan bí 305 lọ nínú rẹ̀. Lójú àgbẹ̀ náà, òun dín irúgbìn kù díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ní ti iye hóró tó wọ ilẹ̀, ó ti gé e kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ó sì ṣe é lọ́dún tí òtútù ń dúró láti pa nínú èyí tó kù. A lọ sóko, a fi igi mẹ́rin ṣe férémù tó jẹ́ ìdajì mítà ní òró àti ní ìbú, a gbé e sílẹ̀ níbi mẹ́wàá, a ka ìdí ọkà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkórè, a sì sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin. Nǹkan bí ìdí 190 ló wà lójú mítà kan. Hóró mẹ́ta nínú mẹ́jọ ti ṣòfò.

Mo ní láti sọ ìdí tí iye ìdí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ọkà yìí, nítorí ẹni tó bá fi ojú àlìkámà wò ó yóò ṣì í. Ṣírí àlìkámà lè fi hóró kún hóró bí àyè bá gbà á. Ṣírí ọkà bálì oníhà méjì kò rí bẹ́ẹ̀: hóró kan péré ló ń jókòó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan lára ṣírí náà, kò sí ibòmíràn tí òmíràn lè wọ̀. Bí oko bá máa mú èrè wá, iye ṣírí ni yóò fi mú un wá. Èyí tí wọ́n sì ń gbìn ní ìgbà ìrúwé kò ní àkókò púpọ̀ láti pa ọmọ. Ìdí kan sábà máa ń fúnni ní ṣírí méjì sí mẹ́ta tó wúlò. Bí ìdí bá pọ̀ jù, wọ́n á máa du oòrùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, igi wọn á ga, á sì tẹ́ẹ́rẹ́, gbòǹgbò wọn kò ní dì mọ́lẹ̀, hóró á sì kéré. Bí ó bá kéré jù, ọmọ tó pẹ́ kó tó jáde yóò bá ìkórè nínú tútù, ajílẹ̀ tó yẹ kí hóró púpọ̀ pín sì máa ń kó sínú hóró díẹ̀, náítírójìn rẹ̀ á sì ròkè. Ọdún méjì ìdílé yìí jẹ́ àpẹẹrẹ àìsàn méjèèjì.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí, oko bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi kò wọn àgbàdo rí kó tó gbìn ín. Hóró mẹ́ta ló ń sọ sínú ihò kan, ó mọ ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ihò sí ihò, bí ọjọ́ mélòó kan bá sì kọjá, á padà lọ wo èyí tó hù àti èyí tí ẹyẹ ti jẹ. Kíkà ló ń kà. Ẹ̀rọ tó ń fi kìlò ṣiṣẹ́ ló mú kí àgbẹ̀ Skọ́tílándì yìí, tí oko rẹ̀ tóbi ju ti bàbá mi lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, gbàgbé pé hóró ni òun ń gbìn.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé ọdún kẹta ń bọ̀, a kò yan kìlò kankan títí irúgbìn fi dé. Ohun tí a kọ́kọ́ yàn ni iye ìdí tí a fẹ́ rí: 300 lójú mítà kan. Lẹ́yìn náà ni a wá gbé e ka ìṣirò tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò: iye ìdí tí a fẹ́, a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo ẹgbẹ̀rún hóró ní gíráàmù, a sì fi iye hóró tí a rò pé yóò yè nínú ọgọ́rùn-ún pín in, ohun tó bá jáde ni kìlò fún hẹ́kítà kan. Irúgbìn ọdún náà wọn 49. Fún ilẹ̀ fúyẹ́ tó wà nísàlẹ̀, a gbà pé 80 nínú ọgọ́rùn-ún yóò yè, ìṣirò sì gbé 184 kìlò jáde. Fún ilẹ̀ amọ̀ tó wà lókè, tó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, a gbà pé 70 ni yóò yè, ó sì di 210. Ó ṣòro fún àgbẹ̀ náà láti gbà pé kí ilẹ̀ méjì nínú oko kan gba ìwọ̀n méjì. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun máa gbin irúgbìn fún kánnákánná ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dá wa lóhùn. Ní oko kọ̀ọ̀kan, a fi ìlà kan sílẹ̀ tí a dín hóró rẹ̀ kù ní 75 lójú mítà kan, a sì ṣe ìlà mìíràn tí a fi 75 kún. Ọmọbìnrin náà tún wọn ohun tó ń jáde nínú ẹ̀rọ kó tó wọ oko, ó sì tún un wọ̀n ní gbogbo ìgbà tó bá yí ìwọ̀n padà.

Lẹ́yìn tí ọkà ti yọ ewé méjì, a tún gbé férémù wa jáde. Nísàlẹ̀, 304 ni a kà, bí ẹni pé a bá ilẹ̀ ṣàdéhùn. Lókè, 257 péré. Èyí bà mí lọ́kàn jẹ́ ju bí mo ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n ra irúgbìn púpọ̀ fún ibẹ̀. Àgbẹ̀ náà na ọwọ́ sí àwọn igi ńlá tó wà ní etí oko, níbi tí àwọn ẹyẹ dúdú ti kọ́ ìtẹ́, mo sì fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àárín oko, tó jìnnà sí igi, kò sàn ju etí rẹ̀ lọ. Ibì kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ìlà gbọọrọ kan tó ní 301. Ọmọbìnrin náà rántí pé ní ọjọ́ ìgbìn, katakata kejì ti fi irin eléyín tó ń fọ́ ògúlùtu gba orí ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì kí òjò tó ṣú, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ nítorí wọ́n ń kánjú. A kúnlẹ̀, a walẹ̀. Ní ìyókù oko, ògúlùtu tó tóbi bí ìkúùkù ló kún ibẹ̀. Hóró tó bọ́ sáàárín wọn kò kan ilẹ̀ tútù, ó gbẹ, ó sì kú. Ní orí ìlà yẹn, ilẹ̀ kúnná, ó sì di hóró mú.

Mo ka ìyẹn sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jinlẹ̀ ju ti orí tábìlì ìdáná lọ. Ìwúwo hóró wà lára ìwé, a lè wọ̀n ọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí yóò yè nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí mo ti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìwà ilẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wà nínú rẹ̀. Mo ti fi irúgbìn ra ohun tó yẹ kí a fi ìrìn katakata kan sí i rà.

Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n tún oko òkè náà gbìn. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Ìdí 257 tó pín dọ́gba sàn ju 300 tí a óò gbìn ní oṣù karùn-ún lọ, nítorí ọjọ́ tí a bá pàdánù kò ní padà wá. A sáré fún un ní ajílẹ̀ tó kù kí ó lè pa ọmọ ní kíákíá, a kò sì fi kún un lẹ́yìn náà, kí náítírójìn má baà ròkè nínú hóró.

Ní ìkórè, a wọn ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nísàlẹ̀, ìlà tí a dín hóró rẹ̀ kù fi nǹkan díẹ̀ rẹ̀yìn. Èyí tí a fi kún kò sì mú ohunkóhun wá ju èyí tí a kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lọ, pàǹtí rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apá kan rẹ̀ sì ti dùbúlẹ̀. Lókè, èyí tí a fi kún ló borí. Olùrà gba ọkà ilẹ̀ méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìwọ̀n irúgbìn tó tọ́ fún oko yẹn, ìdáhùn méjì ni mo ní láàárín ọ̀nà tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn yìí pẹ̀lú mi, mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí bí àgbẹ̀ náà ṣe ń yan ìwọ̀n rẹ̀ kí a tó dé. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń bá a jà. Ìrora ọdún tó kọjá ló ń yàn fún un: ọkà ṣubú, ó dín in kù, bí a kò bá dá sí i, ó dá mi lójú pé ì bá ti gbé e gòkè dé 230 lọ́dún kẹta, irúgbìn tó kéré ní hóró sì lè bá a níbẹ̀, kí ó tún ṣubú. Àtúnṣe tí kò bá ti inú kíkà wá máa ń dà bí ẹni tó ń sá fún oòrùn tó sì bọ́ sínú iná. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àgbẹ̀ báyìí, kí n tó béèrè ẹ̀yà tàbí ilẹ̀, ni pé ìdí ọkà mélòó ni wọ́n kà lójú mítà kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ni kì í ní ìdáhùn. Ẹni tí kò bá sì kà á kò lè mọ̀ bóyá irúgbìn ló kéré ni tàbí ilẹ̀ ló pa á, bẹ́ẹ̀ oògùn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má sì yí ohun méjì padà pa pọ̀ láìfi ìlà kan sílẹ̀ tí ẹ lè fi wọ́n wé. Ká ní a kò ní ìlà tí wọ́n fọ́ ògúlùtu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, tó jẹ́ pé èèṣì ló jẹ́ kó wà, ẹjọ́ ẹyẹ la ó ṣì máa rò.

Mo padà débẹ̀ ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e. Lára igi inú àká, lábẹ́ ìwé àpò irúgbìn, ọmọbìnrin náà ti lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ọn, ó kọ orúkọ oko kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ ìgbìn, ìwúwo ẹgbẹ̀rún hóró, iye ìdí tó kà, àti bóyá ògúlùtu wà nílẹ̀. Fún oko òkè, ó ti fa ìlà pa 70 tí mo kọ sílẹ̀, ó fi 60 rọ́pò rẹ̀, ó sì kọ “bí a kò bá ráyè fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.